Ẹ̀yìn Ta Ni Wàá Tò Sí?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, bàbá mi ló ń bá jiyàn. Mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sípàdé ẹgbẹ́ òṣèlú àdúgbò wa. Olùkọ́ ìṣirò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ dìde, ó ní tí a bá fẹ́ yan olùdíje, kí á máa fi ìwé dìbò, kí kálukú wọ kọ̀rọ̀ lọ yan ẹni tó wù ú.

"Kọ̀rọ̀ kẹ̀?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń ṣojú wa ní ìgbìmọ̀ ìlú. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí èèyàn tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, ká kà wọ́n, ó parí."

"Bàbá, ẹ̀rù ló máa to àwọn mìíràn, kì í ṣe ìfẹ́."

Gbọ̀ngàn dàrú. Ti bàbá mi ló lékè. Wọ́n fi í sófin pé títò ni a ó máa tò, àti pé bí ìlà méjèèjì bá dọ́gba, akọ̀wé tó ń kà wọ́n ni yóò tò kẹ́yìn láti yanjú rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn fi ìyẹn tu olùkọ́ nínú ni.

Èmi ṣá, ọkùnrin tó lè bá bàbá mi jiyàn láì gbóhùn sókè ti wọ̀ mí lójú. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn.

"Níbo ló ti ya?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fà á ya, kí n padà wá."

Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Abẹ́rẹ́ mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, ó lóun fẹ́ wá rí bàbá mi. Wọ́n ní kó dúró ná. "Ìbò abẹ́lé ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mò ń fọ́mọ fún."

Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá wọn dupò. Obìnrin náà ló ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba lójoojúmọ́ títí wọ́n fi gbẹ́ gọ́tà òpópónà wa, èyí tí bàbá mi ti ń ṣèlérí láti ọdún mẹ́jọ. Gbogbo wa la mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wa.

"Olùkọ́ mi," mo bi í nígbà tó ku ọ̀la, "tó bá dọ́gba ńkọ́?"

"Èèyàn méjìlélọ́gọ́rin? Ó ṣòro kó dọ́gba. Ṣé èmi kọ́ ni olùkọ́ ìṣirò?"

"Tó bá wá dọ́gba ńkọ́?"

"Má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ẹ, olólùfẹ́ mi."

"Bàbá mi ni o!"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí oorun sùn."

Inú bí mi, mo sì lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi dúró lápá fèrèsé gbọ̀ngàn, nọ́ọ̀sì dúró lápá ilẹ̀kùn. Màmá mi tò sẹ́yìn bàbá mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà sápá ilẹ̀kùn. Bàbá mi wò mí, mo bá lọ dúró sẹ́yìn màmá mi.

Olùkọ́ ń fọwọ́ kan èjìká wa lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nígbà tó kan tèmi. Mọ́kànlélógójì. Ó kọjá sápá kejì. Mọ́kànlélógójì. Ó tún un kà, kò yí padà.

"Akọ̀wé," bàbá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "a ń wò ẹ́."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó rìn lọ sápá ilẹ̀kùn, ó dúró sẹ́yìn nọ́ọ̀sì.

Mo kórìíra rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ibi tí ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà sí, ìtìjú sì bò mí. Ká ní mo lọ síbẹ̀ ni, ìlà kì bá tí dọ́gba, kì bá tí sóhun tí wọ́n ń wò ó fún.

Nílé, bàbá mi jókòó sí pálọ̀ láì bọ́ bàtà. Màmá mi gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún.

"Ọmọkùnrin yẹn ò ní wọ ilé yìí láéláé. Ojú gbogbo ayé ló ti kọ̀ mí."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ká ní ìwé la fi dìbò ni, nọ́ọ̀sì ni ǹ bá yàn."

Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ nìkan?"

Màmá mi rọra yí ojú sí ara ògiri.

"Ìwọ náà?"

"Gọ́tà yẹn ni, bàbá ọmọ mi," ni màmá mi wí.

Bàbá mi tẹ̀ ba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú u tán.

"Nínú èèyàn mọ́kànlélógójì," wọ́n ń dá sọ, "mi ò tilẹ̀ wá mọ ẹni tó jẹ́ tèmi." Wọ́n gbójú sókè. Omi ti lé ròrò sójú wọn. "Lọ sọ fún olùkọ́ yẹn kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Kó má gba kọ̀rọ̀ wá o. Inú gbọ̀ngàn ló ti kọ̀ mí, inú gbọ̀ngàn náà ni yóò ti dọ̀bálẹ̀ tọrọ rẹ, kí gbogbo wọn rí i."

Mo ti dé òpópónà kí wọ́n tó pa ẹnu dé.