Bíríkìlà Inú Kíláàsì Kẹta

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé òjò tó wó ògiri ẹ̀yìn kíláàsì kẹta, Tíṣà, obìnrin tó ń kọ́ kíláàsì náà, wọlé tòun ti ìwé ìṣirò méjìdínláàádọ́ta lápá, ó sì bá ọkùnrin gíga kan tó dúró sínú ihò tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Oòrùn wà lẹ́yìn ọkùnrin náà. Búlọ́ọ̀kù wà léjìká rẹ̀, eruku sìmẹ́ńtì sì ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun bí ẹni tó fi orí sùn sínú ìyẹ̀fun.

"Ẹ kú àárọ̀, Tíṣà," ni bíríkìlà náà wí. "Ẹ ṣe bí ẹni pé n kò sí níbí."

"Ẹni tó ga tó yìí?" ni Tíṣà fèsì, ó sì gbé ìwé kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ọjọ́ Ẹtì ni. Kì í ṣe pé kò sùn. Ó sùn. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń kọ́ kíláàsì kan náà ní ìṣirò kan náà, àárẹ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò rántí bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó dé.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ìsọdipúpọ̀ wọn: mẹ́fà lọ́nà kan, mẹ́fà, mẹ́fà lọ́nà méjì, méjìlá. Wọ́n ń kọ ọ́ bí orin. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà ní kí ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Jẹ́jẹ́ sọ iye tí mẹ́fà lọ́nà méje jẹ́, ọmọ náà di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó dákẹ́. Tíṣà bi ẹlòmíràn, òun náà dákẹ́. Wọ́n mọ orin, wọn kò mọ ohun tó ń sọ.

Bíríkìlà gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe dákẹ́. Ó nàka sí àwọn búlọ́ọ̀kù tó tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, mẹ́fà ní ìbú, méje ní òòró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ ní kí wọ́n ka èyí."

Wọ́n kà á. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ dé méjìlélógójì. Ó tún tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo búlọ́ọ̀kù náà títí. "Tíṣà, tí mo bá kà á látòkè, ó di méje lọ́nà mẹ́fà. Kò yàtọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tíṣà ti fi ń kọ́ wọn ní nǹkan yìí gan-an. Ó wo bíríkìlà. Bíríkìlà sì yára kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà.

Iṣẹ́ ògiri náà gba ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ògiri ẹlòmíràn kì í ju ọjọ́ mẹ́rin lọ," ni Tíṣà wí fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti lọ sílé.

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín mọ orin kọ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì wà nínú òun lágogo méjì ọ̀sán. Ọjọ́ náà ni bíríkìlà jẹ́wọ́ fún un pé kíláàsì kẹrin lòun ti fi iléèwé sílẹ̀, nígbà tí bàbá òun kú. Tó bá wo ilẹ̀ lásán, ó lè sọ iye búlọ́ọ̀kù tí yóò gba ibẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ ìṣirò pínpín sí bébà, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn.

"Ẹ jókòó," ni Tíṣà wí.

Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéré débi pé orúnkún bíríkìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Tíṣà kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀, ó ní kó pín in sọ́nà mẹ́rin. Bíríkìlà mú pẹ́ńsù dání bí ẹni tó mú ẹyin, ó làágùn, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kọ mẹ́rìnlélógún, Tíṣà fi bíró pupa sàmì sí i pé ó gbà á.

"Ẹ máa ń kọ 'O ṣeun, ọmọ dáadáa' sí ti àwọn yòókù," ni bíríkìlà wí. "Tèmi dà?"

Tíṣà kọ ọ́ fún un. Bó ṣe ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kúrò lórí ìwé náà mọ́.

Ilé kan náà ni Tíṣà àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Ọ̀gá iléèwé ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àdúgbò ló ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí bíríkìlà wá kí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, nínú ẹ̀wù tó lọ̀ tó dán, ìyá náà bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ìdajì àti ìdámẹ́ta, tí a bá rò wọ́n pọ̀, kí ni?"

Bíríkìlà ronú títí. "Ìdámárùn-ún méjì, Màmá."

Ìyá náà ṣí ìwé ìròyìn tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń kà á títí àlejò fi dìde. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mi ò fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí tèmi lè lọ fẹ́ ẹni tí kò jáde ìwé mẹ́fà."

Ká ní agbára wà lára Tíṣà, ì bá jà. Kò sí. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún bíríkìlà pé kó má wá sílé àwọn mọ́. Bíríkìlà kò bẹ̀bẹ̀, kò bínú. Ó fi ọwọ́ ra ìlà tó kẹ́yìn lórí ògiri náà kó dán, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá náà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ń gbé e, ṣùgbọ́n òǹkà kò padà. Kò lè wo aago mọ́. Tí wọ́n bá ní kó mú ṣíbí mẹ́ta wá, á kó gbogbo rẹ̀ dé. Dókítà ní kí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kìíní: kí wọ́n máa ka nǹkan, kí wọ́n máa rò ó pọ̀, kí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò, lójoojúmọ́, láìkánjú.

Láìkánjú. Tíṣà á ti ibi tí ọmọ méjìdínláàádọ́ta ti gba sùúrù lọ́wọ́ rẹ̀ tán bọ̀, á tún wá jókòó ti ẹnì kan sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó to pẹ́ńsù márùn-ún sórí tábìlì, ó fi mẹ́ta kún un.

"Mélòó, Màámi?"

"Mé... méjìlá."

"Ẹ kà á."

"Méjìlá."

Tíṣà fi ọwọ́ gbá tábìlì, pẹ́ńsù sì fọ́n ká. "Ọmọ ọdún márùn-ún mọ èyí, Màámi."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn pẹ́ńsù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ òsì, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Tíṣà lọ sínú kíṣìnnì, ó fi iwájú orí ti ògiri.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wá bíríkìlà lọ síbi tó ti ń kọ́ ilé. Bíríkìlà sọ̀kalẹ̀ látorí àkàbà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"N kò wá torí pé mo fẹ́ kí o ṣe nǹkan kan fún mi," ni Tíṣà wí. "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Mo lé ọ lọ, o ò sì ṣẹ̀ mí."

Bíríkìlà rọra wò ó. "Ẹ ti ń pè mí ní 'o'."

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa pè ọ́ ní 'ẹ'."

Bíríkìlà fà á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níbi ibòji. Ó béèrè ìyá, Tíṣà sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti pẹ́ńsù. Kò dá a lẹ́bi, kò sì sọ fún un pé ó máa dáa.

"Ọ̀sán ni mo máa ń ṣíwọ́," ni ó wí. "Ìwọ lọ sinmi lọ́la. Màá wá jókòó tì wọ́n."

Nígbà tó dé, ìyá náà mọ̀ ọ́n, ó sì yíjú sí ògiri. Bíríkìlà kó àfọ́kù táìsì jáde lápò, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ rántí pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ."

Ọjọ́ kìíní, ìyá náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọjọ́ kejì náà, bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ń ka tirẹ̀ sókè, ó ń ṣì í, ó ń tún un kà. Ní ọjọ́ kẹta, ó ka méje ní mẹ́jọ, ìka ìyá náà sì jáde, ó ti àfọ́kù kan padà. "Méje," ni ó wí, ohùn ọ̀gá iléèwé sì wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ míì ìyá á mọ̀ ọ́n, ọjọ́ kejì á tún sọ ọ́ nù. Tíṣà á wà lórí àga níyàrá kejì, á máa gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì, oorun á sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá náà mú odindi táìsì kan, ó fi pẹ́ńsù pín in sọ́nà mẹ́fà. Ó fi ìka bo mẹ́ta. "Ìdajì." Ó fi ìka bo méjì mìíràn. "Ìdámẹ́ta." Ó wo bíríkìlà lójú.

Bíríkìlà kà á. "Márùn-ún nínú mẹ́fà, Màmá."

"Ìsàlẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba kí o tó rò wọ́n pọ̀." Ó sinmi kí ó tó lè sọ èyí tó kù. "N kò wò ọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé o ò lè mọ̀ ọ́n. Wọn ò kọ́ ọ tán ni."

Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ tó fẹ́ fọ̀. Ìyá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì ń lọ kọ̀wé ní kọ́ọ̀tù?"

Bíríkìlà tẹ̀ lé Tíṣà jáde sí ẹ̀yìnkùlé. "Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ bi ọ́ nìyẹn, olólùfẹ́ mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ó rẹ̀ mí púpọ̀," ni Tíṣà wí. "Iléèwé ń gba òwúrọ̀ mi, Màámi ń gba ọ̀sán. Èyí tó ṣẹ́ kù lára mi kò tó nǹkan."

"Òun náà ni mo wá tọrọ."

Tíṣà gbé abọ́ kalẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Máa bọ̀ wá mú un."

Ní ọjọ́ kan tí iléèwé gba ìsinmi àárín sáà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n sì padà sílé lọ́sàn-án. Tíṣà ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ kóun tó gbé oúnjẹ kaná. Kò tíì fara ti àga dáadáa tí oorun fi gbé e, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ká jí i kó jẹun?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó sùn, Màmá."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ojú tirẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé bọ̀ sára wọn. Ìyá náà fi ọ̀pá rẹ̀ dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó sì fa kọ́tìnì bò ó.