Ẹni Tó Ti Dé Bwari

Ọyẹ́ ti bo òkè Ushafa nígbà tí Ọláfimíhàn kọ́kọ́ rí Waliyat. Waliyat ń mọ ìkòkò, amọ̀ funfun sì kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́. Ó na fóònù ìyá rẹ̀ sí Ọláfimíhàn láìkí i.

"Ẹ wò ó. Bàbá mi tún ti kọ̀wé."

Mo ti dé Bwari. Mo ń bọ̀ nílé.

Awakọ̀ ni bàbá náà, ó ń kó ìkòkò lọ sí Wuye. Ọjọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ló kú lójú ọ̀nà. Wọ́n ti sin ín. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá Waliyat a sì bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ̀, kò ṣe opó.

Ọláfimíhàn ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn awakọ̀ fi ń ránṣẹ́ sílé. Ó wá wo àṣìṣe náà, kò rí i. Ó padà wá. Nígbà tó yá, Waliyat bi í bóyá fóònù ló ń wá wò, àbí òun. Ó ní fóònù ti sú òun.

Ó fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ ìyá.

"Ọkọ mi ń bọ̀," ni ìyá wí. "Òun ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ."

Ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Waliyat yọjú. Eruku nìkan ló rí.

Ní Wuye ni Ọláfimíhàn ti rí àṣìṣe náà. Bí ẹ̀rọ bá ránṣẹ́, á dúró de ìdáhùn láti inú fóònù tó gbà á. Bí ìdáhùn bá pẹ́, ẹ̀rọ á gbà pé iṣẹ́ náà sọnù, á tún un rán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wuye ló ti dán an wò, níbi tí ìdáhùn ti ń yá. Lẹ́yìn òkè Ushafa, ó máa ń pẹ́. Ọ̀rọ̀ tuntun ló ń lé ti àtijọ́ lọ fún àwọn awakọ̀ yòókù. Bàbá Waliyat kò ní ọ̀rọ̀ tuntun mọ́.

Ó sọ fún Waliyat pé bí òun bá tún un ṣe, bàbá rẹ̀ á dákẹ́, ìyá sì lè kórìíra òun.

"Tún un ṣe, olùfẹ́," ló wí. "Oúnjẹ tí wọ́n ń bù sílẹ̀ fún bàbá mi máa ń dín, kì í sì í ṣe àwa la jẹ ẹ́."

Ó kọ́ ẹ̀rọ láti mọ bí ìdáhùn Ushafa ṣe ń pẹ́ tó, kó sì dúró dè é. Ìrọ̀lẹ́ dé, fóònù kò dún. Ọláfimíhàn kúnlẹ̀ níwájú ìyá, ó ní àṣìṣe òun ni. Fóònù ìyá ń dáhùn, ẹ̀rọ ni kò ní sùúrù.

"Ìdáhùn mi ń dé?"

"Ó ń dé, Màmá. Ó kàn ń pẹ́ ni."

Ìyá gbé abọ́ oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Ó ní òun á ṣe opó òun tán. Lẹ́yìn náà, kí àwọn èèyàn Ọláfimíhàn lọ rí àbúrò bàbá Waliyat ní Ìlọrin.

Waliyat sìn ín dé ìta. Ìró ẹsẹ̀ ti inú ilé bọ̀, ó kọjá lára wọn lọ sójú ọ̀nà. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Ọláfimíhàn dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

Nígbà tó dìde, Waliyat ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá mi ti rí ẹ," ló wí.