Àmútọ̀runwá Kò Mọ Irun Àrán

"Ta ló gé àrán yìí?"

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá Àmútọ̀runwá ti bi wá léèrè, àpò oògùn ọsibítù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti obìnrin yìí la jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà. Mo tẹjú mọ́ máṣíìnì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, fò dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. "Èmi ni, mọ́mì. Mo ti rán an tán pàápàá!"

Àmútọ̀runwá là ń pè é. Láti kékeré, bó bá ti di sísọ́ọ̀sì mú báyìí, ìyá rẹ̀ á ké sí àwọn oníbàárà: "Ẹ wá wò ó o! N kò kọ́ ọ, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà!" Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe àríyànjiyàn nílé ìwé: ṣé a dá ìmọ̀ mọ́ ènìyàn ni, àbí ojú, etí àti ọwọ́ ló fi ń kó o jọ? Òun ló ní a dá a mọ́ni, òun ló sì borí. Háà, orí ọmọ wú!

Àrán yìí, aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá wọn àgbà ló fi sílẹ̀ kó tó kú, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Kí ìyá rẹ̀ tó lọ sí ọsibítù, ó ti kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kàn án. Èmi náà sọ ọ́ nígbà tó gbé sísọ́ọ̀sì: "Àrán nírun. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára kí o mọ ibi tí irun náà kọjú sí. Bí ti apá kan bá kọjú sókè, tí èkejì kọjú sísàlẹ̀, àwọ̀ wọn kò ní bára mu."

"Àǹtí, ta ní ń kọ́ ọmọ ẹja ní ìlúwẹ̀ẹ́?"

Kí aṣọ náà lè tó, ó dorí apá iwájú kan kodò, ó gé e.

Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Apá ọ̀tún dúdú minimini, tòsì ṣá bí eérú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ jẹ́ ká tú u," àbúrò ní.

"Kí la fẹ́ tú?" ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ṣé òwú ló bàjẹ́ ni? Olórí kunkun! Níbo lo ti kọ́ irú ìgbéraga yìí?"

"Ẹnu yín ni, mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n."

Ìyá rọra ká aṣọ náà, ó gbé e sórí tábìlì.

Aṣọ àyálò ni ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Títí dòní, bí àbúrò bá kí i, orí nìkan ni ẹ̀gbọ́n ń mì sí i. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí.

Ẹ̀yin ọmọ, abèèrè kì í ṣìnà. Ọgbọ́n ọwọ́ kì í bá ẹnikẹ́ni wáyé, kíkọ́ là ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí, ẹni tó ń yin ọmọ fún ohun tí kò tíì kọ́, ó ń bà á jẹ́ ni.