Ìkìlọ̀ Tí Ọlápàdé Pa Lẹ́nu Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà, ẹni tó bá fẹ́ kó jiyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú Ọlápàdé kòró, kì í sì í ṣe ẹni tó ń mutí. Ọdún 1996 ni, ní Port Harcourt.

Ọlápàdé ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Solomon, ní Trans-Amadi. Ètò tí yóò máa ṣọ́ yàrá yìnyín ilé-iṣẹ́ ẹja kan ní Woji ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà nínú yàrá náà. Bí ilẹ̀kùn bá há ẹnikẹ́ni mọ́ inú òtútù, tó sì tẹ bọ́tìnì, ìkìlọ̀ yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà: Ẹnì kan wà nínú.

Àmọ́ ìkìlọ̀ náà kò dúró de bọ́tìnì. Ní ọ́fíìsì, níbi tí wọn ò ti so wáyà kankan mọ́ yàrá kankan, ó ń yọ. Ẹnì kan wà nínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọlápàdé fi tú ètò náà palẹ̀, kò rí àṣìṣe kankan. Ó lọ bá Solomon.

"Sir, I never know wetin dey call am."

"Tomorrow na delivery," ni Solomon wí. "Leave am for our own. For customer own, off am."

Kò ṣòro. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n máa ń ṣe: èyí tí wọ́n fi ń dánwò ní ọ́fíìsì, tí gbogbo ìkìlọ̀ máa ń pariwo nínú rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń gbé fún oníbàárà. Ìlà kan péré ni Ọlápàdé yí padà, ìkìlọ̀ sì panu mọ́ nínú ẹ̀dà oníbàárà. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kò dáa. Ta ni yóò bá ọ̀gá jiyàn, tí ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù méje?

Bàbá Gàníyù ló ń tọ́jú yàrá yìnyín náà, ará Ìsẹ́yìn. Nígbà tí Ọlápàdé gbé ètò náà lọ síbẹ̀, inú Bàbá dùn pé ó rí ẹni bá sọ Yorùbá.

"Ọmọ mi, bí mo bá há síbí, ṣé bọ́tìnì yìí yóò ké sí wọn?"

"Yóò ké sí wọn, Bàbá."

Irọ́ gbuu. Ojú ti Ọlápàdé bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n gbé ètò náà fún wọn, ọjọ́ Jímọ̀, òjò ṣú lọ́sàn-án gangan. Ọ́fíìsì dákẹ́. Hannah, akọ̀wé wọn, ló sọ̀rọ̀.

"Oga, your computer."

Ẹnì kan wà nínú. Ọlápàdé pa á rẹ́. Ó tún yọ. Ó pa á rẹ́, ó tún yọ, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Ó tẹ ilé-iṣẹ́ ẹja láago.

"Abeg, check your computer."

"Nothing dey. Everything clear."

"Baba Gàníyù ńkọ́?"

"We never see am. E be like say he don go mosque."

Ọlápàdé gbé fóònù sílẹ̀. Ó sáré bọ́ sínú òjò, ó fò gun ọ̀kadà.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá Gàníyù jókòó sílẹ̀ láàárín páálí ẹja, ètè rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì. Ó ń mí. Wọ́n gbé e síta, wọ́n da aṣọ bò ó. Ọlápàdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi, ó ń sunkún.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

Ilẹ̀kùn ni Bàbá ń wò.

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Obìnrin wo, Bàbá?"

"Èyí tó di ọwọ́ òsì mi mú. Ó ní kí n má sùn. Ẹ ò ní mú un jáde ni?"

Wọ́n kó gbogbo páálí síta, dórí èyí tó kẹ́yìn. Ẹja nìkan ni.

Tẹlifóònù dún. Hannah ni.

"Oga, una don open the door?"

"We don open am. Baba don come out."



"E still dey write am o."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, òtútù ń rọ́ jáde. Kò sí ẹni tó gbà láti tì í.