Obì Ìdána Tinúadé

"Obì lẹ wá rà ni, àbí ojú mi lẹ wá wò?"

Bí Olúkúnlé ṣe kí Tinúadé nìyẹn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wọn ní Ire. Ọkùnrin yìí náà! Olùkọ́ ni Tinúadé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlá, ìwádìí lórí kòkòrò tó ń jẹ obì ló sì gbé e débẹ̀.

"Kòkòrò ni mo wá wò," ó fèsì. "Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ dúró kí n ya fọ́tò yín."

Olúkúnlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Bàbá Olúkúnlé náà fẹ́ràn rẹ̀. Obì tiwọn kì í ní kòkòrò, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń ti òkè Ọya wá rà á. Ewé tí wọ́n fi ń wé e, àti bí wọ́n ṣe ń sá ewé náà, ọmọ ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, bàbá mú Tinúadé wọ yàrá obì.

"Ìyàwó ilé wa, wá wo nǹkan."

Bàbá fi àṣírí ewé náà hàn án. Tinúadé dán an wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ohun tí gbogbo àgbẹ̀ Ìgbómìnà ń wá rèé! Ó ní kí Olúkúnlé bá òun bi bàbá bóyá òun lè gbé e jáde.

"Bàbá ti gbà," ni Olúkúnlé wí lọ́jọ́ kejì. "Fọkàn balẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Irọ́ gbuu! Kò bi bàbá ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bàbá ń bà á, kò sì fẹ́ já ọmọge kulẹ̀.

Tinúadé kò ti ìwádìí rẹ̀ mọ́ inú ìwé olówó gọbọi tí àgbẹ̀ kankan ò lè rà. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń fi èdè Ìgbómìnà ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò. Kò pẹ́ tí àjọ kan n'Íbàdàn fi ní àwọn máa fún un ní àmì ẹ̀yẹ, nítorí ó mú ìwádìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀.

Orí rédíò yẹn náà ni bàbá ti gbọ́ àṣírí ilé wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tinúadé.

"Mo pè ọ́ ní ìyàwó, o wá ta mí lọ́pọ̀! Oníbàárà wo ló tún fẹ́ wá dé Ire nítorí tèmi?" Wọ́n na ìka sí i. "Ta ló ní kí o sọ ọ́?"

Tinúadé wo Olúkúnlé. Olúkúnlé dorí kodò. Ìgbà yẹn ló yé Tinúadé pé ẹnikẹ́ni ò bi bàbá rí. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá."

"Obì ìdána rẹ kò ní ti ilé yìí jáde láéláé."

Níta, Olúkúnlé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Adé mi, jẹ́ ká sá lọ sí Èkó. A ó ṣègbéyàwó wa níbẹ̀."

"Kúnlé, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè bá mi pín ẹ̀bi, kí la tún fẹ́ jọ pín?"

Ẹkún ló sun dé Ìlá.

Lọ́jọ́ àmì ẹ̀yẹ, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wọn kún. Tinúadé ti ránṣẹ́ pe bàbá. Bàbá wá lóòótọ́, wọ́n fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe fọ́nnu. Olúkúnlé jókòó tì wọ́n lẹ́yìn pátápátá.

"Ìmọ̀ tí ẹ tìtorí rẹ̀ yìn mí," ni Tinúadé wí, "ti Bàbá Gabriel Adéwùmí ti Ire ni. Mo gbé e jáde láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Irọ́ ni!"

Olúkúnlé ló pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo parọ́ fún un pé ẹ ti gbà. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Bàbá dìde, wọ́n rọra rìn lọ bá Tinúadé.

"Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo ru gbogbo ẹ̀bi yẹn?"

Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Dárí jì mí. Obì ìdána rẹ wà nílé. Ìgbà tí o bá fẹ́ la ó gbé e wá."

Olúkúnlé gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ń dán. Tinúadé wò ó. Ìfẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dùn ún dé egungun. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò rí mọ́.

"Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ ṣì bá mi tọ́jú rẹ̀ ná."

Bàbá ò wo ọmọ wọn rárá.

"A ó tọ́jú rẹ̀," wọ́n ní. "Obì tiwa kì í yára bàjẹ́."