Òǹkà Ìpè Tó Sọnù

Ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní àròsọ, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ má ṣe dá gbé tẹlifóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi.

Ọdún 1978 ni, nígbà ọyẹ́, nílé tẹlifóònù kan ní Adó-Èkìtì. Ọmọ́níyì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè, tí yóò sì kọ ìpè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ìpè tí ẹnikẹ́ni kò ráyè gbé, tí kò sì wọ ìwé, òǹkà dúdú kékeré kan wà lára ògiri tó ń kà á. Tá! Nọ́ńbà á yí.

Láràárọ̀ Mọ́ńdè, Bàbá Bámgbóyè, ọ̀gá wọn, á fi bírò pupa kọ iye tó wà lójú òǹkà sínú ìwé aláwọ̀ aró. Bírò míràn kò gbọdọ̀ kan ìwé náà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ yí òǹkà padà sí òdo.

"Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó pa á rẹ́," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹni tó pè yín tí ẹ kò dá lóhùn, ó kéré tán, ẹ kà á mọ́ èèyàn."

Ẹlẹ́fẹ̀ paraku ni Ọmọ́níyì. Ó ti bu iyọ̀ sí tíì Bàbá rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, òun àti Sẹ̀gilọlá nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Òǹkà wà ní mẹ́tàdínlógún. Ọmọ́níyì ṣí dúrọ́ọ̀ Bàbá. Ó ti bírò pupa bọ àpò àyà rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́.

"Sẹ̀gi, bí Bàbá bá bá òdo lọ́la ńkọ́?"

"Bùrọ̀dá, ẹ ò ní sinmi. Wọ́n á lé yín dànù."

"Á wá a títí dé abẹ́ àga."

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Mo ń lọ ra iṣu sísun."

Ó jáde. Ọmọ́níyì ń rẹ́rìn-ín. Kò kọ ohunkóhun. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ òǹkà, ó yí i.

Òdo.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún dákẹ́ lójijì. Ojú ọ̀nà dákẹ́. Ó gbé tẹlifóònù sétí. Èémí ló gbọ́, èémí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń retí ìdáhùn. Obìnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ohùn náà já. Òmíràn já. Wọ́n ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ́níyì kà wọ́n láìmọ̀. Mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn wọn, kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde. Inú yàrá kan náà ló bọ́ sí. Ó fo fèrèsé. Yàrá kan náà. Àga kan náà. Òǹkà kan náà.

Sẹ̀gilọlá wọlé, òun àti òórùn iṣu sísun. Ó wo àga Ọmọ́níyì.

"Ó ti sá lọ. Ọ̀lẹ!"

"Sẹ̀gi, èmi rèé!"

Tá! Òǹkà yí sí ọ̀kan.

Ọmọ́níyì fọwọ́ kàn án léjìká. Tá! Méjì. Ó lu tábìlì. Tá! Mẹ́ta. Sẹ̀gilọlá gbọ́n eérú iṣu kúrò lọ́wọ́, ó gbójú sókè.

"Ta ló ń pè tí n kò gbọ́?"

Orí Ọmọ́níyì wú. Ó rántí àwọn ohùn tó já. Ó rántí pé ọ̀la ni Mọ́ńdè.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá ń lọ sílé, Ọmọ́níyì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí òjìji. Inú yàrá ló tún bọ́ sí. Ó gbọ́ bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń ti ilẹ̀kùn níta. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Bàbá dé, ó ń húkọ́ eruku ọyẹ́. Ó wo òǹkà.

"Mọ́kànlélógójì? Ní Sọ́ńdè? Ọmọ́níyì ńkọ́?"

"Kò tíì dé, sà. Àná náà ló ti sá lọ."

"Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti fọwọ́ ba òǹkà mi jẹ́."

Ọmọ́níyì súnmọ́ ọn, ó gbé ẹnu sí etí Bàbá. "Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, Bàbá. Ẹ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́."

Tá! Méjìlélógójì.

Bàbá rí i bó ṣe yí. Ó dúró.

"Sẹ̀gilọlá, ìwọ lo fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o, sà."

Bàbá fa ìwé aláwọ̀ aró súnmọ́ra. Ó ṣí dúrọ́ọ̀.

"Bírò pupa mi dà?"

Ọmọ́níyì yọ ọ́ lápò àyà. Ó gbé e lé ojú ìwé gan-an. Tá! Mẹ́tàlélógójì. Ọwọ́ Bàbá rá bàbà kọjá lórí rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀.

"Kò burú," ni Bàbá wí. "Èmi á kọ ọ́ tó bá yá."

Ó di kọ́kọ́rọ́ tó wà lára òǹkà mú.