Róòsì Tí Kò Ta Sánsán

Ìyá àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé imú sún mọ́ òdòdó róòsì tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fa òórùn rẹ̀ símú. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n tún fà á.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni wọ́n wí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní bóyá oòrùn ọ̀sán ló lé òórùn rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ irọ́ ni.

Télọ̀ ni ìyá àgbà kí ojú wọn tó fọ́. Láti ìgbà náà, igi róòsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá wọn ni ìgbádùn wọn. Òdòdó rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ kò sì jọ ẹnikẹ́ni lójú, ṣùgbọ́n tó bá ti là láàárọ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan. Òórùn yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn kì í fọwọ́ kàn án nítorí ẹ̀gún; Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ ọmọ wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa bomi rin ín nídìí láàárọ̀, kó má da omi sórí ewé, kó gé ẹ̀ka tó bá gbẹ, kó sì máa fi ajílẹ̀ ìgbẹ́ adìyẹ sí i díẹ̀díẹ̀, kó jìnnà sí ìdí igi.

Nígbà tí ẹgbẹ́ oníjó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbàgbé igi. Bó bá jí, ijó. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ijó. Ìyá àgbà á bi í bóyá ó ti bomi rin róòsì, á ní òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó padà wò ó, ewé ti ń rọ. Ẹ̀rù bà á, ló bá kó ajílẹ̀ jọ sí ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kọ ebè, kó lè tètè sọjí. Ajílẹ̀ jó gbòǹgbò. Igi kú pátápátá.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jó ló gbà á nímọ̀ràn. Igi róòsì kan wà nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé tiwọn, òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ó fẹ̀ bí ẹnu ife.

"Gbé e síbẹ̀," ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Ṣebí wọn ò ríran."

Àwọn méjèèjì gbìn ín nígbà tí ìyá àgbà ń sùn lọ́sàn-án. Ó dára lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo róòsì ló ń ta sánsán.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ń fura sí imú ara wọn. Wọ́n á gbé ọṣẹ símú, wọ́n á gbé aṣọ símú. Wọ́n ní ọbẹ̀ ń ta sánsán, àmọ́ ó jọ pé òórùn rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò jókòó sẹ́bàá fèrèsé mọ́. Ó ń dun Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu.

Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, wá pè wọ́n lórí fóònù.

"Ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí, "mi ò gbọ́ dáadáa mọ́."

Etí ni bàbá rò. "Ẹ ò gbọ́ kẹ̀? Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Má pariwo mọ́ mi."

Bàbá túbọ̀ pariwo, ohùn wọn jáde nínú fóònù dé ilé ìdáná. Kí ìyá àgbà tó ṣàlàyé pé imú ni àwọn ń wí, bàbá ti ní ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn kò lè máa gbélé pẹ̀lú ọmọdé nìkan. Àwọn ń bọ̀ ní Sátidé láti kó wọn lọ, wọ́n á sì ti ilé náà pa. Ni fóònù bá kú.

Ìyá àgbà kò bínú. "Bóyá ó tọ̀nà," ni wọ́n wí. "Ojú lọ, mo gbà. Imú tún ń lọ. Kí ni mo tún ń dúró ṣe níbí?" Wọ́n ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá àwọn gbé báàgì wálẹ̀.

Ó gbé e wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ń gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan símú kí wọ́n tó nà án sí i, wọ́n sì ń mi orí. Ojú tì í, àánú sì ṣe é. Ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ìyá àgbà, kò sí nǹkan tó ṣe imú yín. Róòsì tó wà níta yẹn kọ́ ni tiyín. Èmi ni mo pa tiyín."

Ó sọ ọ́ tán láìfi ohunkóhun pamọ́, ó ń retí igbe. Ìyá àgbà fọwọ́ kan imú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́, omi sì bọ́ lójú wọn.

"Igi lè kú, a ó gbin òmíràn. Ṣùgbọ́n mò ń ṣọ̀fọ̀ imú mi, o ń wò mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ún ju ẹgba lọ. Nígbà tí bàbá dé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún ẹjọ́ ara rẹ̀ rò fún wọn, bàbá sì wá mọ̀ pé etí ìyá àgbà kò di. Wọn ò ti ilé pa mọ́, àmọ́ wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ oníjó, ó sì fara mọ́ ọn.

Róòsì olóòórùn dídùn mìíràn ti wà lẹ́bàá fèrèsé báyìí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wá mọ̀ pé àṣìṣe tí èèyàn bá fi irọ́ bò mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà rẹ̀, àti pé ó rọrùn láti gbin igi tuntun ju kí wọ́n tún gba èèyàn gbọ́ lọ. Láràárọ̀ ló ń sọ fún ìyá àgbà pé òun ti bomi rin ín, òótọ́ sì ni. Wọ́n á dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á táràrà jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gún, wọ́n á fi ìka tẹ ilẹ̀ wò bóyá ó tutù.